Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ: Ìtàn Oògùn Fòníkú-fọ̀ladìde àti Ìrànwọ́ fún Olùhùmọ̀ Aládàáni nínú Ìwádìí Ìlera

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí ìṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá ló dá lórí ewé, ọfọ̀ àti ìgbàgbọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló yẹ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí oníṣègùn wò nígbà tí ìmọ̀ rẹ̀ bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sí yàrá ìwádìí. Bébà yìí tọpa ìtàn oògùn àrùn fòníkú-fọ̀ladìde láti orí ìwádìí orin àta ní Ifẹ̀ ní ọdún 1971 títí dé orí oògùn Niprisan, tí ó wá láti ọwọ́ Àlùfáà P. O. Ògúnyalé. Àbájáde rẹ̀ ni pé ìhùmọ̀ kọ́ ló wọ́n láàárín wa. Ìrànwọ́ tó yẹ kó gbé ìhùmọ̀ dé ọ̀dọ̀ aláìsàn ló ń já sójú ọ̀nà. Ní ìparí, bébà yìí sọ bí ó ṣe yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ máa gba ìmọ̀ lẹ́nu oníṣègùn ní ìlú bíi Adó-Àwáyè láìba ẹ̀tọ́ rẹ̀ jẹ́.

1.0 Ìfáárà

Adó-Àwáyè wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn, ní agbègbè Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Òkè rẹ̀ àti adágún Ìyákẹ̀ tó wà lórí òkè náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ ìlú yìí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn ní ohun mìíràn tó yẹ kí òpìtàn ṣàkíyèsí. Ilẹ̀ ọkà bàbà ni, ilẹ̀ orin àta sì ni pẹ̀lú. Ewéko méjèèjì yìí wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Nàìjíríà gbé wọ yàrá ìwádìí láti ọdún 1971 wá, nígbà tí wọ́n ń wá oògùn fún fòníkú-fọ̀ladìde. Ohun tí àgbẹ̀ ń kórè àti ohun tí ìyá àgbà ń fi rin ẹnu láàárọ̀ ló di ohun tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìwádìí ní òkè òkun.

Olùhùmọ̀ aládàáni, gẹ́gẹ́ bí bébà yìí ṣe lò ó, ni ẹni tó ṣàwárí ohun tuntun tàbí tó to ohun àtijọ́ pọ̀ lọ́nà tuntun, láìsí lábẹ́ yunifásítì, ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ kankan. Oníṣègùn ìbílẹ̀ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ ìlera ní ilẹ̀ Yorùbá. Kò ní ẹ̀rọ, kò ní owó ìwádìí, kò sì ní amòfin. Ìbéèrè tí bébà yìí ń dáhùn ni èyí: bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní ohun tó lè wo aláìsàn sàn, ọ̀nà wo ló wà fún un láti gbé e jáde láìpàdánù rẹ̀?

2.0 Fòníkú-fọ̀ladìde láwùjọ Yorùbá

Orúkọ tí Yorùbá fún àrùn yìí fi hàn pé wọ́n ti wò ó fínnífínní kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ̀rọ wo ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ní in lè wà nílẹ̀ lónìí bí ẹni tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́ lára rẹ̀, kí ó sì dìde lọ́la bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ìrora inú eegun, ojú pípọ́n àti àìtó ẹ̀jẹ̀ a máa dé, wọn a sì tún lọ. Nínú ìdílé tí ọmọ ti ń kú léraléra, àbíkú ni wọ́n sábà máa ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ lóde òní ló gbà pé fòníkú-fọ̀ladìde wà lára ohun tó ń fa ikú tí àwọn baba wa kà sí ti àbíkú.

Ní ọdún 1910 ni Dókítà James Herrick ní ìlú Chicago kọ̀wé nípa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé, èyí tí wọ́n rí lára akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti Grenada. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú hemoglóbíìnì, ìyẹn èròjà pupa tó ń gbé atẹ́gùn kiri inú ara, ni àbùkù náà wà. Bí baba bá jẹ́ AS tí ìyá náà sì jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ tí wọ́n bá bí jẹ́ SS. Ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 2006 sọ pé nǹkan bí 24 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà ló jẹ́ AS, àti pé nǹkan bí 150,000 ọmọ tó ní àrùn náà ni wọ́n ń bí lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè yìí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ oògùn fòníkú-fọ̀ladìde kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdílé kan tàbí méjì.

3.0 Ìpamọ́ àti ìtẹ̀jáde: ọ̀nà méjì àtijọ́

Àwọn kan a máa dá oníṣègùn lẹ́bi pé ó ń fi oògùn pamọ́ títí ó fi ń gbé e lọ sí ọ̀run. Ẹ̀sùn náà kò ṣàìlóòótọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Níbi tí kò ti sí òfin tó ń dáàbò bo ìmọ̀ ènìyàn, ìpamọ́ ni ọgbà kan ṣoṣo tí oníṣègùn lè fi yí oko rẹ̀ ká. Awo tó ń bò ó mọ́lẹ̀ ló ń jẹ́ kí ó rí oúnjẹ jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àléébù ọ̀nà yìí ni pé bí ọlọ́gbà bá kú láìfi ẹnì kan sílẹ̀, oko náà di igbó.

Ọ̀nà kejì ni ìtẹ̀jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Joseph Odùmósù ti Ìjẹ̀bú-Òde kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn Yorùbá jọ sínú ìwé tí ó pè ní Ìwé Ìwòsàn. Iṣẹ́ ribiribi ni, nítorí ó gba ìmọ̀ lọ́wọ́ ikú. Síbẹ̀, oògùn tí a ti tẹ̀ jáde sínú ìwé ti di ti gbogbo ayé. Ẹni tó kọ́kọ́ hùmọ̀ rẹ̀ kò lè sọ mọ́ pé òun ni òun ni ín, bẹ́ẹ̀ ni ìtẹ̀jáde nìkan kò fi hàn bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Báyìí ni oníṣègùn ṣe wà láàárín méjì: bí ó bá pa á mọ́, ìmọ̀ lè kú; bí ó bá tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lè kú.

Wíwá ọ̀nà kẹta ti pẹ́ díẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ní ọdún 1954, Dókítà T. Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ nínú àwọn abúlé tó yí ilé-ìwòsàn Arò ká ní Abẹ́òkúta, ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra gẹ́gẹ́ bí alábàáṣiṣẹ́. Ètò náà fi hàn pé dókítà àti oníṣègùn lè jùmọ̀ ṣiṣẹ́. Ohun tó kù ni bí wọn yóò ṣe jùmọ̀ ní ìmọ̀ tó bá ti inú iṣẹ́ náà jáde.

4.0 Orin àta ní Ifẹ̀

Igi orin àta, tí àwọn onímọ̀ ewéko mọ̀ sí Zanthoxylum zanthoxyloides (Fagara ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀), ni Yorùbá ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ rin ẹnu láti ayébáyé. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ifẹ̀ ń wò ó bóyá lóòótọ́ ni orin ń pa kòkòrò ẹnu. Inú ohun èlò tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sí ni wọ́n ti ń sin àwọn kòkòrò náà. Wọ́n wá ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ tí omi orin àta bá kàn kì í tètè pàwọ̀ dà; pupa rẹ̀ a máa wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àkíyèsí kékeré yìí ló gbé ìbéèrè ńlá dìde: ṣé ohun tó ń pa ẹ̀jẹ̀ mọ́ nínú àwo lè ṣe sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bí dòjé lóore?

Ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti W. A. Isaacs tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde pé omi gbòǹgbò orin àta lè mú sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ padà sí bí ó ṣe yẹ kó rí, nínú ìgò àyẹ̀wò. Ní 1975, ìwé mìíràn jáde lórí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe lára àwọn aláìsàn. Ní ọdún yẹn kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Donald Ekong, J. I. Okogun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature nípa èròjà kan tó ń dènà títẹ̀ sẹ́ẹ̀lì.

Ìrètí gbòde nígbà náà. Ṣùgbọ́n láti inú ìgò àyẹ̀wò dé orí tábìlì apòògùn, ọ̀nà jìn. Yunifásítì ní olùwádìí, kò ní ilé-iṣẹ́ tó ń po oògùn. Orin àta kò di oògùn tí gbogbo ilé-ìwòsàn lè kọ fún aláìsàn. Ó di ìmọ̀ nínú ìwé, àwọn olùwádìí mìíràn sì ń tọ́ka sí i títí di òní.

5.0 Oògùn Ògúnyalé àti ilé-iṣẹ́ ìwádìí NIPRD

5.1 Àpòpọ̀ náà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Àlùfáà P. O. Ògúnyalé, tí ó jẹ́ oníṣègùn ìbílẹ̀ ọmọ Yorùbá, gbé oògùn fòníkú-fọ̀ladìde tí ìdílé rẹ̀ ń lò lọ fún ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, NIPRD, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1987. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: èso ìyèré, igi ọ̀sùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà.

Ó yẹ kí a fara balẹ̀ wo ohun mẹ́rin yìí. Ilẹ̀ ọ̀dàn bíi ti Òkè-Ògùn ni ọkà bàbà ti ń ṣe dáadáa. Inú igbó dúdú níhà gúúsù ni ìyèré àti ọ̀sùn ti ń wá. Kànáfùrù kì í ṣe ti ilẹ̀ wa rárá; àwọn erékùṣù Indonéṣíà ni orírun rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì gba ọ̀nà èdè Lárúbáwá àti Haúsá wọ inú Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ọjà náà ṣe gba ọ̀nà òwò dé ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà, oògùn yìí kò lè jẹ́ ohun tó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ẹnì kan ló jókòó tó fi ohun ọ̀dàn, ohun igbó àti ohun ọjà òkèèrè pọ̀, tó sì ń wo ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Èyí ni ìhùmọ̀. Ẹni tó bá ń pe irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ogún tí kò ní olóhun ń fi ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ dù ú láìmọ̀.

5.2 Àdéhùn àti àyẹ̀wò

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, NIPRD àti Ògúnyalé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ilé-iṣẹ́ náà yóò pa àṣírí àpòpọ̀ náà mọ́, àǹfààní tó bá sì jáde níbẹ̀ yóò kan oníṣègùn náà. Ọ̀nà kẹta tí a ti ń wá nìyí. Oníṣègùn kò pa ìmọ̀ rẹ̀ mọ́ mọ́ gbogbo ènìyàn, kò sì tú u sí ìgboro. Ó fi lé ẹni tó bá a dá májẹ̀mú lọ́wọ́. Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Oníṣègùn ní oògùn, kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi hàn bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Onísáyẹ́ǹsì ní ẹ̀rọ, kò mọ ewé wo ni kí ó já.

Lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe tó jẹ́ olùdarí ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n kọ́kọ́ wo oògùn náà lára ẹranko kí wọ́n tó lò ó fún ènìyàn. Wọ́n sọ ọ́ ní Niprisan. Ní 1998, wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀, tí àwọn amòfin ń pè ní páténtì, lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 2001, wọ́n tẹ àbájáde àyẹ̀wò lára àwọn aláìsàn jáde. Nínú ọ̀kan lára àwọn àyẹ̀wò náà, apá kan àwọn aláìsàn gba oògùn, apá kejì gba ohun tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn nínú. Lẹ́yìn náà, wọ́n pààrọ̀ ara wọn. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń lò, bẹ́ẹ̀ ni dókítà kò mọ̀. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé ìgbà tí ìrora líle ń kọlu aláìsàn dín kù lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo Niprisan. Ní 2002 àti 2003, àwọn onímọ̀ ní ilé-ìwòsàn ọmọdé ti Philadelphia fi àyẹ̀wò tiwọn hàn pé oògùn náà ń dènà títẹ̀ sẹ́ẹ̀lì. Kò sọ SS di AA, kò sì sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn olùwádìí wọ̀nyí. Ìrora ló ń dín kù.

5.3 Ìṣelọ́pọ̀ àti ìdádúró

NIPRD kò ní ohun èlò láti po oògùn fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 2002, ó fún ilé-iṣẹ́ Xechem tó wà ní New Jersey, ní Amẹ́ríkà, láṣẹ láti máa ṣe oògùn náà. Ilé-iṣẹ́ yìí dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì kọ́ ibi ìpòògùn sí Sheda, nítòsí Àbújá. Ní oṣù Keje ọdún 2006, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣí aṣọ lójú oògùn náà ní gbangba lábẹ́ orúkọ tuntun, Nicosan. Àwọn ìdílé tó ti ń sá láti ilé-ìwòsàn kan dé òmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í rí i rà.

Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Owó tí Xechem ní kò tó nǹkan, gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, iná mànàmáná tí kò dúró sì ń sọ iye owó iṣẹ́ di púpọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà láti wá ààbò lọ́wọ́ àwọn onígbèsè rẹ̀. Oògùn dáwọ́ dúró. Oníṣègùn ti ṣe tirẹ̀, onísáyẹ́ǹsì ti ṣe tirẹ̀. Aláìsàn tó ti ń lò ó ló padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ẹ̀wádún tó tẹ̀lé e, ilé-iṣẹ́ Invenux ní Amẹ́ríkà tún bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò lórí oògùn kan, SCD-101, tó ti inú àpòpọ̀ ewéko kan náà jáde.

6.0 Àríkọ́gbọ́n inú ìtàn yìí

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé ibi tí ìrànwọ́ ti já nínú ìtàn méjèèjì kì í ṣe ibi kan náà. Orin àta já láàárín yàrá ìwádìí àti ilé-iṣẹ́ apòògùn. Niprisan kọjá ibẹ̀, ó já láàárín ilé-iṣẹ́ àti aláìsàn. Ìjọba tó bá fẹ́ ran olùhùmọ̀ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ rò pé owó ìwádìí nìkan ti tó. Ó yẹ kí ẹnì kan béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ pé: bí oògùn yìí bá jẹ́, ta ni yóò máa ṣe é, iná wo ni yóò sì fi ṣe é?

Èkejì, ó léwu láti gbé gbogbo àṣẹ lé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ìwé àṣẹ tó gbọ́n yóò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ bá wọ gbèsè, kí àṣẹ náà lè tètè padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, kí ẹlòmíràn sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀kẹta ni pé ìwé àdéhùn Ògúnyalé ṣáájú ọ̀pọ̀ òfin. Ọdún 1992 ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí àdéhùn àgbáyé nípa ohun abẹ̀mí, tó mẹ́nu ba pípín àǹfààní pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ìbílẹ̀. Àdéhùn Nagoya tó ṣàlàyé rẹ̀ síwájú sí i jáde ní 2010. Oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni wọ́n tó gba àdéhùn mìíràn wọlé ní Geneva, pé ẹni tó bá ń béèrè páténtì gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti rí ewéko àti ìmọ̀ ìbílẹ̀ tó lò. Ní Nàìjíríà, àjọ NOTAP, tí òfin ọdún 1979 pilẹ̀ rẹ̀, wà láti máa ran àwọn olùhùmọ̀ lọ́wọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó wà nínú ewu kò kéré. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwòsàn tuntun méjì tó ń tún àbùdá inú ẹ̀jẹ̀ ṣe fún àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Iye owó tí wọ́n dá lé èyí tó dínwó jù nínú méjèèjì lé ní mílíọ̀nù 2 dọ́là fún ẹnì kan. Àgbẹ̀ tó ń gbin ọkà bàbà ní Adó-Àwáyè kò lè rí irú owó bẹ́ẹ̀ ní ìgbésí ayé mẹ́wàá. Oògùn tó rọrùn, tí a ti yẹ̀ wò dáadáa, tí a sì lè máa ṣe nílé, ṣì jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé nílò.

7.0 Olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣègùn ní Adó-Àwáyè

Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. Ó kàn án gidigidi. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá lórí ìṣègùn ìbílẹ̀. Wọn a lọ sí ìlú bíi Adó-Àwáyè, wọn a jókòó ti bàbá oníṣègùn, wọn a sì kọ orúkọ ewé, ìwọ̀n rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń sè é. Lẹ́yìn náà, àpilẹ̀kọ yóò wọ ilé-ìkàwé, nígbà mìíràn yóò sì di ìwé tí a tẹ̀ jáde. Òfin páténtì Nàìjíríà ti ọdún 1970 béèrè pé kí ìhùmọ̀ jẹ́ tuntun. Ohun tí a bá ti fi han gbogbo ayé nínú ìwé lè má jẹ́ tuntun mọ́ lójú òfin. Báyìí ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá máàkì ṣe lè já ọgbà bàbà náà láìní èrò ibi lọ́kàn.

Kí ni ṣíṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ fún oníṣègùn ní èdè Yorùbá tó yé e yékéyéké ohun tí ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe àti ibi tí ìwé náà yóò dé. Kí àdéhùn kékeré wà lórí bébà, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Bí bàbá kò bá mọ̀wé, kí ó tẹ̀ka níṣojú ẹlẹ́rìí. Níbi tí oògùn bá jẹ́ ti ìdílé kan ṣoṣo, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìwọ̀n àti ọ̀nà ìpèsè sílẹ̀. Àṣà, ọfọ̀ àti ìtàn tó yí oògùn náà ká tó láti kọ àpilẹ̀kọ lé lórí, bí bàbá bá fọwọ́ sí i. Bí oníṣègùn bá sì ní ohun tó dà bí ẹni pé ó yẹ fún àyẹ̀wò, kí olùkọ́ júwe ọ̀nà NIPRD, NOTAP tàbí ẹ̀ka ìpòògùn ní yunifásítì fún un, kí ó tó sọ àṣírí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ààlà wà pẹ̀lú. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ kéde oògùn tí wọn kò ì yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ìwòsàn, kò sì gbọdọ̀ sọ fún òbí kankan kí ó gbé ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ SS kúrò ní ilé-ìwòsàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kọ́ àwọn ọmọ ní ìtumọ̀ AA, AS àti SS kí wọ́n tó dàgbà dé ọjọ́ orí ìgbéyàwó, kí ó sì fi ìtàn orin àta àti Niprisan kọ́ wọn pé ìwádìí kì í ṣe ohun òkè òkun nìkan.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Bébà yìí ti fi hàn pé láti Ìwé Ìwòsàn Odùmósù, dé orin àta Ifẹ̀, dé oògùn Ògúnyalé, kò sí ìgbà kan tí olùhùmọ̀ wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìpamọ́ pa ìmọ̀ kan, ìtẹ̀jáde sọ òmíràn di aláìlólóhun, àdéhùn sì gbé ẹ̀kẹta dé ẹnu ọ̀nà aláìsàn kí gbèsè tó dá a padà. Àwọn àgbà a máa sọ pé bí oògùn kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ kan ló kù tí a kò já. Nínú ìtàn yìí, ewé tó kù ni ìrànwọ́ tó dúró tini láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: òfin tó dáàbò bo olùhùmọ̀, àyẹ̀wò tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, àti ilé-iṣẹ́ tí kò ní í kú pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́. Apá kan ewé náà wà lọ́wọ́ ìjọba. Apá kan wà lọ́wọ́ olùkọ́ tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ bá oníṣègùn lórí ọ̀rọ̀ ewé.